Nọ́ọ̀sì Kan Láàárín Èrò: Kí Ni Ilé Ìṣẹ̀ṣe Lè Ṣe Sí I?

Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, torí ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ojúbọ tó wà lẹ́yìnkùlé pàápàá yóò jìnnà sí i.

Ẹni tó bá mọ Joju wa yìí mọ̀ pé àdúgbò òṣìṣẹ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ wa ti dúró sétí títì, wọ́n ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà. Ojoojúmọ́ ni èrò ń ti Èkó ya wá, torí owó ilé tó wọ́n lọ́hùn-ún. Ilé ń pọ̀ sí i, ọmọ ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nìkan ni kò pọ̀ bá wa. A máa ń rò pé abúlé inú igbó nìkan ni dókítà ti ṣọ̀wọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá parí ẹ̀kọ́ nítòsí wa, Èkó ló kọ́kọ́ máa wò. Tó bá dé Èkó tán, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà tó gbé èrò wá bá wa náà ló ń gbé olùtọ́jú lọ.

Lọ́dún 2025, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ó ní àwọn tó kù kò pé mẹ́rin fún 10,000 èèyàn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kéré débi pé kò yẹ kí àwọn ìlú olówó máa wá fà wọ́n lọ. Wọ́n ṣì ń lọ. Èmi ò lè bú wọn. Oúnjẹ là ń wá kiri.

Èmi tí mo ń sin Ọ̀ṣun, mo máa ń sin àwọn aboyún ilé wa lọ sílé ìwòsàn. Nígbà òjò tó kọjá, a dé ibì kan ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ń rọbí, gìrì sì ń mú ọmọ kékeré kan lórí bẹ́ǹṣì. Iná ti lọ. Ọmọ náà kò bú wa, kò lé wa. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di tọ́ọ̀ṣì yìí mú." Mo dì í mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàwó wa bímọ láyọ̀, gìrì náà sì lọ. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì yìí ń wá, ọwọ́ sì pọ̀ nílé wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ tọ títì tó kọjá níwájú wa yìí dé Abẹ́òkúta, ẹ ó dé Aro. Ibẹ̀ ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1954 lórí àwọn tí orí wọn dàrú. Dókítà irú rẹ̀ kò ju ẹyọ-ẹyọ lọ nígbà náà, ọsibítù fúnra rẹ̀ kò sì tíì parí. Kí ló ṣe? Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Olúkúlùkù mú ẹbí kan dání tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un wá gbàtọ́jú. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Lọ́dún 1978, ìpàdé ńlá kan ní Alma-Ata ka àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ àwọn tí a lè kọ́ kí wọ́n lè bá nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ethiopia náà, láti 2003, yan àwọn ọmọbìnrin láti àdúgbò wọn, wọ́n kọ́ wọn fún ọdún kan, wọ́n sì fi méjì-méjì sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lé ní 30,000. Ọmọ onílé kì í tètè sá kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Àìsí dókítà kò sọ agbẹ̀bí di dókítà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, tí gìrì mú un, tí orí ń fọ́ ọ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, tí ọmọ inú kò mira mọ́, tàbí tí ìrọbí ti lé ní wákàtí méjìlá, ẹ má dá a dúró sílé. Bí Ifá bá ní kí a rúbọ, kí ẹnì kan máa rú u nílé, kí ẹlòmíràn máa gbé e lọ. Ẹbọ kì í ní kí ọkọ̀ má ṣí. Àgbà awo tó bá tètè ní "ẹ gbé e lọ" kò tẹ́; ẹni tí òkú bá sùn sí lọ́wọ́ ló tẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ ilé kọ̀ọ̀kan fún nìyí. Ẹ lọ mọ nọ́ọ̀sì àdúgbò yín kí àìsàn tó dé, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ wa tó ní mọ́tò àti ọ̀kadà, tí a lè jí lóru. Bí wọ́n bá gbé nọ́ọ̀sì tuntun wá, ẹ bá a wá yàrá tó dáa. Lọ́dún 2009, ìjọba kó àwọn agbẹ̀bí tó kàwé lọ sí ìgbèríko. Níbi tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kò ti san ìpín tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dúró. Ibùsùn àti ọ̀yàyà wà lára ohun tó ń dá àlejò dúró.

Paríparí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa dáwó rán ọmọ kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera Ìlẹ̀ṣẹ̀-Ìjẹ̀bú. Ẹni tó mọ ewé, tó tún mọ abẹ́rẹ́, tó sì mọ ojúlé wa, yóò wúlò fún wa ju owó ankara ọdún kan lọ.

Ọ̀sanyìn á jẹ́ kí ewé máa jẹ́ fún wa. Ọ̀ṣun á máa sọ àwọn aboyún wa kalẹ̀ wẹ́rẹ́. A ò ní fi àìrí-olùtọ́jú pàdánù ẹnikẹ́ni. Àṣẹ.