Kí ni ó ń dúró de ọmọ wa tí ó fẹ́ kọ́ informatique ní yunifásítì?

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò BAC bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan a máa gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ Glazoué àti ti àwọn abúlé tí ó yí i ká: informatique. Ọmọ tí ó gba BAC C ń sọ ọ́, ọmọ tí ó gba BAC D ń sọ ọ́, àwọn tí ó gba BAC A tàbí B pàápàá kò gbẹ́yìn. Bàbá tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí a sì fi kún un pé iṣẹ́ tí ó lówó lóde òní nìyẹn. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ náà léèrè ohun tí wọn yóò kọ́ ọ ní oṣù àkọ́kọ́, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju pé: «Wọn yóò kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà.» Àwa tí a ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama rí i pé ìdáhùn yìí kò tó láti fi gbé àpótí, kí a sì fi ilé sílẹ̀ lọ sí ibi tí ó jìn ju 200 kìlómítà lọ. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ọ̀nà náà pọ̀.

Èrò méjì ni a máa ń bá pàdé láàárín àwọn ọmọ wa. Èkíní ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá lórí fóònù. Òun ni ó ń tún fóònù gbogbo ilé ṣe, òun ni ó ń bá wọn ṣí ojú-ewé Facebook, ó sì gbà pé òun ti di onímọ̀ informatique kí òun tó dé yunifásítì. Èkejì ni ti ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rí, tí ó jẹ́ pé ní ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ ọjà ni ó ti ń rí i láti òkèèrè. Òun gbà pé àwọn ọmọ Kútọnu ti sáré kọjá òun, àti pé ó ti pẹ́ jù. Àṣìṣe ni èrò méjèèjì, ohun kan náà ni ó sì sọ wọ́n di àṣìṣe. Informatique kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń to èrò lẹ́sẹẹsẹ ni, débi pé ẹ̀rọ tí kò ní làákàyè yóò lè tẹ̀ lé e láìṣìnà.

Ìtàn jẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 1843, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Ada Lovelace, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé, ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹ̀rọ tí Charles Babbage ń gbèrò láti kàn yóò ṣe yanjú ìṣirò kan tí ó le. Wọn kò kan ẹ̀rọ náà parí títí àwọn méjèèjì fi kú. Ní ọdún 1936, Alan Turing fi bébà àti ìrònú ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ lè ṣírò àti ohun tí kò lè ṣírò láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà irú ti òde òní kò tíì sí. Orúkọ náà, informatique, kò dé títí di ọdún 1962, nígbà tí Philippe Dreyfus, ọmọ ilẹ̀ Faransé, so «information» pọ̀ mọ́ «automatique». Bí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí bá lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ níwájú wọn, ọmọ Glazoué tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé kò tíì pẹ́.

Níbo ni a ti ń kọ́ ọ? Yunifásítì Abomey-Calavi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ orúkọ Yunifásítì Dahomey, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan fún iṣẹ́ yìí gan-an, tí a ń pè ní IFRI. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ génie logiciel, ìyẹn bí a ṣe ń ṣe ètò fún kọ̀ǹpútà. Sécurité informatique, ìyẹn bí a ṣe ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ olè àti ọ̀bàyéjẹ́. Àti internet et multimédia. Ní EPAC, informatique wà pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa télécommunications. Ní ENEAM tí ó wà ní Kútọnu, àti ní IUT ti Yunifásítì Parakou, informatique de gestion ni wọ́n ń kọ́, èyí tí ó bá ìṣirò owó àti ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ tan. Ẹni tí ìmọ̀ ìṣirò wù gan-an lè wo IMSP ní Dangbo. Ojú-ewé apresmonbac.bj tí Ìjọba là sílẹ̀ ni kí ọmọ ti yẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó yàn, kí ó sì ka irú BAC tí wọ́n ń béèrè. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni, kí òbí kọ́kọ́ béèrè bóyá Ìjọba mọ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́ta ni Licence, méjì ni Master, mẹ́ta ni Doctorat; ètò LMD tí UEMOA fọwọ́ sí ní ọdún 2007 nìyẹn. Crédit 30 ni ó wà nínú sáà kan, 60 nínú ọdún, 180 ni yóò sì pé kí Licence tó parí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ ń gbà wá. CM ni ti gbọ̀ngàn ńlá: olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní wo ìwé rẹ láti mọ̀ bóyá o kọ ọ́. TD ni ibi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ àṣedánwò lórí bébà; ẹni tí kò bá ti gbìyànjú rẹ̀ nílé kì í rí nǹkan kan mú bọ̀. TP ni ibi tí a ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé TP ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n CM àti TD ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àsìkò wọn ní ọdún àkọ́kọ́.

Kí ni ó wà nínú àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí? Ìmọ̀ ìṣirò ni ó ṣáájú: analyse, algèbre linéaire, àti logique, ìyẹn ìmọ̀ bí òtítọ́ kan ṣe ń ti inú òmíràn jáde. Lẹ́yìn wọn ni algorithmique, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára al-Khwārizmī, onímọ̀ ìṣirò tí ó gbé ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní orúkọ 1000, tí a tò gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà a, b, d ṣe tẹ̀ léra. Bí o bá ń wá orúkọ kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, o lè wo gbogbo 1000 kí o tó rí i. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣí ìwé náà ní àárín, tí o wò ó bóyá orúkọ náà ṣáájú tàbí ó tẹ̀ lé e, o ti mú ìdajì kúrò. Tún pín ìdajì tí ó kù sí méjì, kí o sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà mẹ́wàá péré ni o nílò láti pín in kí ó tó ku orúkọ kan. Kò sí iná mànàmáná nínú àpẹẹrẹ yìí, síbẹ̀ informatique gidi ni.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ ni ti ọ̀nà ìkàyé tí kọ̀ǹpútà ń lò, tí kò ní ju 0 àti 1 lọ. Wọn yóò sọ fún ọ pé 45 di 101101, orí rẹ yóò sì fò lọ. Má bẹ̀rù. Ọmọ Yorùbá ti mọ̀ pé ọ̀nà ìkàyé ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ìyá rẹ lọ́jà bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ó ti mú ogún mẹ́ta, ó yọ mẹ́wàá kúrò, ó tún yọ márùn-ún. Ẹ sì wo Ifá: odù kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlà kan tàbí ìlà méjì. Gbogbo odù jẹ́ 256. Octet tí wọn yóò kọ́ ọ náà ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, iye tí ó lè gbà sì jẹ́ 256. A kò sọ pé àwọn bàbáláwo ni ó kan kọ̀ǹpútà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìṣirò yìí kò ṣàjèjì sí ilé wa.

Lẹ́yìn èyí ni kíkọ ètò ní èdè bíi C tàbí Python, ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, nípa ìpamọ́ àkọsílẹ̀, àti nípa bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ètò tí o bá kọ́kọ́ kọ kò ní ṣiṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé o gọ̀. Wíwá àṣìṣe ara ẹni rí àti títún un ṣe jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Ní àkókò yìí, àwọn kan ń sáré lọ bá ChatGPT kí ó kọ ọ́ fún wọn. Ọjọ́ ìdánwò ń bọ̀, orí bébà ni ọ̀pọ̀ ìdánwò sì máa ń wà, fóònù kò sì ní bá ọ wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin òbí. A mọ ìdílé tí ó fẹ́ ta gbogbo iṣu ọdún kan ní ọjà Glazoué láti ra kọ̀ǹpútà àgbéká tuntun kí ọmọ tó lọ. Ẹ fara balẹ̀. Ọmọ yóò nílò kọ̀ǹpútà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ti lò rí, tí ó ṣì lágbára, tó fún ọdún àkọ́kọ́. Kí ó kọ́kọ́ dé ọ̀hún, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Owó yàrá, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè yanjú iṣẹ́ TD. Ẹ má sì sọ fún ọmọbìnrin yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Obìnrin ni Ada Lovelace tí a dárúkọ lókè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, láti kíláàsì Seconde ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe sá fún ìmọ̀ ìṣirò. Ẹ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun ni a fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ó jọ máa ṣe iṣẹ́ TD. Bí ẹ bá sì kùnà nínú ẹ̀kọ́ kan, ẹ má ṣe fi ojú pamọ́ fún ará ilé. Ìdánwò rattrapage wà, crédit ẹ̀kọ́ tí ẹ bá ti yege nínú rẹ̀ kì í sì í sọnù. Lára àwọn ọmọ tí a ti kọ́, àwọn tí ó padà wálé láìparí ẹ̀kọ́ kò gọ̀ ju àwọn tí ó parí lọ. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń retí. Ojú tì wọ́n, wọn kò sì béèrè. Ẹ̀yin ti wá mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ gbé ìwé ìṣirò yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀.