Kòkòrò kékeré tí kì í jẹ́ kí ọmọ ìrókò dàgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, nítorí bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Kòkòrò kan wà tó mọ òwe yìí í lò ju ọmọ ènìyàn lọ. Phytolyma ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, síbẹ̀ òun ni olórí ìdí tí ó fi ṣòro láti gbin ìrókò lọ súà bí wọ́n ṣe ń gbin igi tíìkì.

Orí ọ̀mùnú ìrókò ni abo kòkòrò náà ń yé ẹyin sí. Bí ẹyin bá ti pa, ọmọ inú rẹ̀ yóò wọnú ewé tàbí ọ̀mùnú lọ. Ara igi yóò wú níbẹ̀, yóò sì di kókó roboto tó bo ọmọ náà mọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ni yóò ti máa mu oje igi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí kókó náà tó là, kí òun sì fò lọ. Lẹ́yìn èyí, kókó tó là náà yóò jẹrà, orí ọmọ igi yóò sì kú. Bó bá tún rúwé, àwọn mìíràn yóò tún dé.

Irú àjọgbé báyìí wà níbòmíràn. Ní pápá koríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn agbọ́n tín-ń-tín kan ń gbé inú igi ewéko Silphium. Bákan náà ni Phytolyma kò ní ilé mìíràn lẹ́yìn ìrókò àti ìbátan rẹ̀. Àgbà igi ń fara dà á. Ọmọ igi ni kì í rù ú là.

Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn ní àríwá Èkìtì, níbi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn, ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Èyí tí àwọn agégẹdú bá gé, kí ni yóò rọ́pò rẹ̀? Àdán ló ń jẹ èso ìrókò, tó sì ń tú irúgbìn rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n akọ ìrókò wà, abo wà; abo tó bá dá wà kò lè ní irúgbìn tó dára.

Oògùn apakòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, nítorí inú kókó ni ọ̀tá sá sí. Ìwádìí fi hàn pé ọmọ ìrókò tó wà lábẹ́ òjìji, láàárín afárá àti àwọn igi mìíràn, kì í sábà jìyà tó èyí tí wọ́n gbìn pọ̀ sínú oòrùn. Àwọn ìrókò kan sì wà tí ara wọn le ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Irúgbìn irú wọn ló yẹ kí a máa ṣà.

Nítorí náà, àgbẹ̀ tó bá rí ọmọ ìrókò tó dá hù nínú oko kòkó rẹ̀, kó má ṣe fi àdá bẹ́ ẹ. Ẹ̀ka rẹ̀ ni àwọn àgbà ní kí a pa ní kékeré, wọn kò ní kí a pa igi náà.