Òdòdó Kò Sí Nínú Ẹrù Ìdána

Ọmọ àbúrò mi kan tó fẹ́ lọ́kọ ní London ló bi mí léèrè lórí fóònù pé, "Ẹ̀yin Màmá Ṣómólú, mo fẹ́ ìgbéyàwó tí kò ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Òdòdó wo làwa Yorùbá máa ń lò?" Inú mi dùn pé ọmọ náà ń ro ti ilẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó tíì mú un jókòó kó sọ ìtumọ̀ ẹrù ìdána fún un. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, tìfẹ́tìfẹ́ ni o.

Òdòdó kò sí nínú ẹrù ìdána. Obì ló wà níbẹ̀, àti orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, àádùn, ìrèké, iṣu, epo, ẹja gbígbẹ. Ẹ wò wọ́n dáadáa, gbogbo wọn ló ṣeé fi sẹ́nu. Àwọn baba wa kò gbé ohun àwòrẹ́rìn-ín tí yóò rọ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́ lọ síwájú àna. Bí wọ́n bá fi oyin wúre tán, wọ́n á fi kan ìyàwó lẹ́nu, wọ́n á fi kan ọkọ, tẹbí tọ̀rẹ́ á sì tọ́ ọ wò. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi wà. Ìdílé méjì tí kò mọ ara wọn rí jọ gbé ìre kan náà mì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò sí níbẹ̀. Obì àbàtà làwọn àgbà máa ń béèrè, nítorí awẹ́ rẹ̀ máa ń tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè kárí. Awẹ́ méjì péré ni gbánja ní. Inú agbọ̀n ni obì ti ń wá, ewé tútù ni wọ́n sì fi ń bò ó kó má baà gbẹ. Bí wọ́n bá la ataare, ọmọ inú rẹ̀ kì í ṣeé kà. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyàwó ilé ti pín iṣu àti epo, kò ní sí nǹkan kan tí a óò kó dà sí ààtàn.

Ẹlòmíràn á ní onígbàgbọ́ làwọn, obì kò bá àwọn mu. Mo gbọ́. Àìmọye ìdílé ló ti fi Bíbélì tàbí Kùránì kún ẹrù náà, síbẹ̀ wọn kò yọ oyin kúrò.

Àwa tá a wà nílé gan-an ti ń ṣìnà. Ní Ṣómólú níbí, láti Ṣípéólú títí dé inú àwọn òpópónà kéékèèké, ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí wọ́n tẹ ojú ọkọ àti ìyàwó sí, tí wọ́n fi pín abọ́ ike lóde ní Sátidé, inú gọ́tà ló ń sùn. Òjò á gbé e, á di ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ti ń da àwọ̀n ní etí omi Bàrígà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Ṣé ó yẹ kó jẹ́ òfin ni yóò rán wa létí ewé eéran? Ewé yẹn ni ìyá mi fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín òde. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó pe àlejò wọlé, ilẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ padà bí ayẹyẹ bá parí.

Ẹ ní òde kò ní lẹ́wà láìsí òdòdó? Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe àtíbàbà nígbà èwe mi, tútù ni abẹ́ rẹ̀ máa ń tutù. Àwọ̀ tí ẹ ń wá wà lára aṣọ òkè: àlàárì pupa, ẹtù aró, àti sányán tí wọ́n hun láti ara òwú tí kòkòrò ń ta sórí igi nínú igbó. Ìyá wọ̀ ọ́, ọmọ rẹ̀ tún lè fi ṣègbéyàwó. Ẹ tú àpótí yín wò kí ẹ tó san owó fún aṣọ tuntun.

Bí òdòdó bá pọn dandan lọ́hùn-ún, ẹ ra èyí tó ń hù nítòsí yín lásìkò náà, dípò èyí tí wọ́n fi bàálù gbé wá láti Kẹ́ńyà. Inú ìkòkò ló dára jù, kí àlejò lè gbé e lọ gbìn. Ẹ má gba kànrìnkàn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń gún òdòdó mọ́. Ike ni, kì í jẹrà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ̀rá dídán tí wọ́n fi ń wé iṣu ìdána kúrò.