Bí Fítámì Ṣe Ń Dáàbò Bo Àtọ̀ Ẹran Ọ̀sìn

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìkórè ọdún tí ń bọ̀ sàn ju ti èṣí lọ, irúgbìn ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí ń gbin àgbàdo nìkan. Ó kan olùsìn ẹran pẹ̀lú. Àtọ̀ akọ ẹran ni irúgbìn tirẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ nínú ìpamọ́, abo kò ní lóyún, olówó rẹ̀ yóò sì tún dúró fún nǹkan bí ọjọ́ 21, yálà màlúù ni, ewúrẹ́ ni, tàbí ẹlẹ́dẹ̀, kí àkókò gígùn tó yí padà. Oúnjẹ ọjọ́ wọ̀nyí di òfo.

Ní Warri àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Delta, ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Ilẹ̀ omi ni ibẹ̀, ooru rẹ̀ pọ̀, òjò rẹ̀ a sì máa ju mìlímítà 2,500 lọ lọ́dún. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn ẹran kì í jẹ́ kí màlúù òkè Ọya gbádùn. Màlúù kúkúrú tí ń jẹ́ Muturu àti ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n lè fara dà á. Bí akọ rere bá wà láàárín wọn, ó yẹ kí irú-ọmọ rẹ̀ tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ kan kò lè dé gbogbo abúlé. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n gba àtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n pò ó mọ́ omi tí ó ní pupa ẹyin àti ṣúgà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, kí oníṣègùn ẹran sì fi í sínú abo ní àkókò tí ó yẹ.

Ní ọdún 1949, Polge, Smith àti Parkes ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé glycerol lè gba àtọ̀ àkùkọ là nígbà tí ó bá dì bí yìnyín. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là tí wọ́n fi ń tọ́jú àtọ̀ màlúù fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ tó ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo. Ti ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀: ìwọ̀n 15 sí 18 ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, fún ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n òtútù nìkan kò tó. Ọ̀rá wà lára awọ tí ó bo àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òróró tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ṣe ń kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn ṣe ń ba ọ̀rá yìí jẹ́, tí awọ náà yóò fi máa jò, tí ẹ̀dá náà kò sì ní lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà: ní ọdún 1946, Tosic àti Walton fi hàn pé àtọ̀ akọ màlúù fúnra rẹ̀ a máa pèsè hydrogen peroxide, tí ó ń ṣe é ní jàǹbá.

Níbí ni fítámì ti wúlò. Fítámì E a máa dúró nínú ọ̀rá, fítámì C nínú omi. Wọn a sì fi ara wọn ṣe asà kí ìbàjẹ́ má bàa dé ọ̀dọ̀ àtọ̀. Ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ ti dán fítámì, àgbọn àti omi èso wò nínú àtọ̀ òbúkọ kúkúrú ilẹ̀ yìí. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún Warri, níbi tí àgbọn kò ti wọ́n.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Iyọ̀ a máa mú ọbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ kò ṣeé jẹ mọ́. Fítámì tí ó bá pọ̀ jù lè di ọ̀tá àtọ̀ tí ó yẹ kí ó gbà là. Nítorí náà, kí olùsìn ẹran má ṣe da omi àgbọn sí àtọ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ onímọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni fítámì kò lè jí àtọ̀ tí ó ti kú, kò sì lè rọ́pò òtútù nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Akọ tí ara rẹ̀ le, ohun èlò tí ó mọ́, òtútù tí kò yẹ̀, àti fítámì ní ìwọ̀n: bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rin yìí, ọwọ́ olùsìn ẹran yóò ṣófo.