Fèrè olówó àárín: fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ fi dídán sílẹ̀

Afọnfèrè tó ti lo bí ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ orin ní Surulere, Yaba tàbí Mushin kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò ni. Bí télọ̀ ṣe gbẹ́kẹ̀ lé máṣíìnì rẹ̀, tí oníbùrẹ́dì gbẹ́kẹ̀ lé ààrò, bẹ́ẹ̀ ni òun náà gbẹ́kẹ̀ lé fèrè ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí fèrè náà bá dá a lágara lóde ìnáwó, ẹlòmíràn ni wọ́n máa pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí rírà fèrè trumpet fi jẹ́ ọ̀rọ̀ òwò, pàápàá fún ẹni tí fèrè akẹ́kọ̀ọ́ kò tó mọ́, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó èyí tó wọ́n jù.

Àwọn àdúgbò yìí kì í ṣe àjèjì sí fèrè. Surulere ni Stadium Hotel Dókítà Victor Ọláìyá wà, ọkùnrin tó fi trumpet dá àwọn èèyàn lára yá nígbà àbẹ̀wò Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1956 àti níbi ayẹyẹ òmìnira ní 1960. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú ní 2020. Fẹlá Aníkúlápó Kútì bá ẹgbẹ́ Ọláìyá ṣeré kó tó gba Trinity College of Music ní London lọ ní 1958, trumpet ló sì kọ́kọ́ mú un lórí kó tó di pé ó gbé saxophone. Mushin náà ni Òtẹ́ẹ̀lì Empire tó ti ń ṣeré láwọn ọdún 1970 wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí Ọláìyá dáadáa: òun ló ni ẹgbẹ́, òun náà ló ni òtẹ́ẹ̀lì tí ẹgbẹ́ ti ń ṣeré. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ajé ni orin.

Ní ti ọjà, ìpele mẹ́ta ni trumpet pín sí. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wà, irú Yamaha YTR-2330. Ti àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wà lókè, irú Bach Stradivarius tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Elkhart ní Amẹ́ríkà. Àárín méjèèjì ni irú Yamaha YTR-4335 wà. Tuntun rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ìṣòro sì ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni báńkì àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́, nígbà tó sì fi máa di ìparí oṣù kejì 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,400 náírà. Bí dọ́là bá wà ní 1,400, ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ti di ₦1,400,000, a ò tíì sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ọ̀nà méjì ló wá kù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀: kó ra tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ tó ń jẹ́, tàbí kó ra tòkunbọ̀ tó lórúkọ. Tuntun náà máa ń dán gbinrin, àpò rẹ̀ rẹwà, owó rẹ̀ sì rọjú. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó ti Ṣáínà wá ni kò dáa o. Yamaha fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun èlò orin níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ra fèrè tí kò lórúkọ kò mọ ẹni tó máa mú, kò sì ní rọrùn fún un láti tà á lọ́la. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ti gbọ́n nínú iṣẹ́ náà lọ ra tòkunbọ̀ tó lórúkọ, bó tiẹ̀ ṣá, bó tiẹ̀ wọlẹ̀ níbì kan, níwọ̀n ìgbà tí fáàfù rẹ̀ bá ṣì le.

Kí ló dé tó fi jẹ́ fáàfù? Mẹ́ta ló wà lára trumpet. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní irin roboto kan tó ń lọ sókè sódò nínú ihò rẹ̀, àlàfo tó sì wà láàrin irin àti ihò kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Bí irin yẹn bá ti jẹ, atẹ́gùn á máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Fèrè ṣì máa dún, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọn ọ́n á máa fi agbára tó yẹ kó lò títí di òru ṣòfò ní wákàtí àkọ́kọ́. Àwọn tó ń tún fèrè ṣe lè na ibi tó wọlẹ̀, wọ́n lè jó páìpù tó já, wọ́n lè pààrọ̀ kọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì. Fáàfù tó ti jẹ kì í ṣe iṣẹ́ háámà. Ó gba kí wọ́n da irin tuntun bò ó, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ títí tó fi bá ihò rẹ̀ mu, owó iṣẹ́ náà sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti fèrè mìíràn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ má tẹ fáàfù kankan, ẹ yára fa páìpù kékeré tó wà lára fáàfù kọ̀ọ̀kan jáde. Ó yẹ kó dún “pọ́ọ̀” bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìgò. Bí kò bá dún rárá, atẹ́gùn ti ń sá lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ yọ àwọn fáàfù náà, ẹ fi aṣọ tó gbẹ nù wọ́n, kí ẹ fi ọ́ìlì tiyín tó ṣàn sí i. Ọ́ìlì tó ki máa ń bo àṣírí fáàfù tó ti jẹ, àwọn olùtà kan sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn fáàfù, ẹ wo páìpù tí wọ́n ń ki máùtùpíìsì bọ̀. Bàbà àti síńkì ni wọ́n pò pọ̀ di idẹ. Bí síńkì bá ń jáde lára rẹ̀, àwọn àmì pupa rẹ́súrẹ́sú á yọ, tí àárín wọn dúdú. Inú ló ti ń jẹ bọ̀ síta, ẹ má bá wọn dúnàádúrà lé e lórí. Ọ̀dà tó bó lóde ní tiẹ̀ kò ṣe fèrè ní nǹkan kan, ẹ fi gé owó ni.

Wàyí o, ẹ fọn ọ́n. Ẹ má fọn ọ́n kíkankíkan ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ariwo máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ fọn ọ́n wẹ́ẹ́wẹ́, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn á ṣì jáde láìgbọ̀n. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù wọn D àti C-sharp tó wà nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ lára gbogbo trumpet, ìdí sì nìyẹn tí páìpù fáàfù kẹta fi gbọ́dọ̀ yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ ìka yín. Ẹ mú ẹnì kejì dání, kó dúró sọ́ọ̀ọ́kán, torí ohun tí afọnfèrè ń gbọ́ kọ́ ni àwọn tó wà lóde ń gbọ́. Máùtùpíìsì tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe gbogbo èyí. Àní, kí ẹ tó náwó lórí fèrè rárá, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ máùtùpíìsì sí èyí tó bá ètè yín mu. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó fèrè olówó àárín tuntun, àwọn míì sì ti rí i pé òun ni wọ́n ń wá látilẹ̀.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ká ní fèrè jẹ́ ₦900,000, tí òde kan sì ń fi ₦20,000 sílẹ̀ lẹ́yìn owó ọkọ̀: òde 45 ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè kó gbogbo owó òde sórí fèrè, nígbà tí owó ilé àti ti iléèwé ń dúró? Bó bá jẹ́ ìdajì ni ẹ ń yà sọ́tọ̀, ó di òde 90. Ẹni tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á lò tó ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ kó tó rí owó rẹ̀ padà, nítorí náà kó má yáwó èlé gọbọi láti rà á.

Níkẹyìn, nọ́ńbà fèrè Bach àti ti Yamaha máa ń wà lára fáàfù àárín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sínú rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ olùtà àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan họ nọ́ńbà ọ̀hún kúrò, ẹ gbé fèrè náà padà sórí káńtà, torí ó lè jẹ́ ẹrù olè.