Kí ló ń dá iṣẹ́ ilé kíkọ́ dúró? Àwọn onímọ̀ ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ ilé kíkọ́ rí. Bí ilé bá di àpatì, àwọn èèyàn á ní owó ló tán, tàbí pé bíríkìlà ló ya ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ètò iṣẹ́ sọ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ kò tíì délẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ni gbọ̀ngàn eré ńlá tó wà nílùú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ọdún 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìjọba ń kánjú. Ní àsìkò yẹn, Jørn Utzon, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ya àwòrán ilé náà, kò tíì parí ètò bí wọn yóò ṣe kọ́ òrùlé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mọ bí òrùlé náà yóò ṣe wúwo tó, àwọn òpó tí wọ́n ti mọ sílẹ̀ kò lè gbé e. Wọ́n ní láti wó wọn, kí wọ́n sì mọ òmíràn. Utzon kúrò nídìí iṣẹ́ náà lọ́dún 1966. Ilé tí wọ́n ní yóò parí lọ́dún 1963, ọdún 1973 ni wọ́n ṣí i. Mílíọ̀nù 7 dọ́là ilẹ̀ Ọsirélíà tí wọ́n fojú bù sì di mílíọ̀nù 102.

Lọ́dún 1957, Morgan Walker ti iléeṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti Remington Rand ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà, àti èyí tó gbọ́dọ̀ dúró de èkejì. Ẹni tó ń fa wáyà iná ní láti ri páìpù sínú ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ẹni tó fẹ́ kun ọ̀dà gbọ́dọ̀ dúró kí ògiri gbẹ. Nínú àwọn iṣẹ́ tó so kọ́ra wọn báyìí, okùn tó gùn jù ló ń sọ ọjọ́ tí ilé yóò parí. Bí iṣẹ́ kan lórí okùn náà bá fi ọjọ́ kan pẹ́, gbogbo ilé ló pẹ́.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2002, Lauri Koskela, ọmọ ilẹ̀ Finland, àti Gregory Howell ti Amẹ́ríkà ní ìyẹn nìkan kò tó. Ètò orí ìwé gbà pé bí ọ̀gá bá ti pàṣẹ, iṣẹ́ ti di ṣíṣe nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé yanrìn kò sí nílẹ̀, tàbí kí ẹni tó ṣáájú má tíì parí tirẹ̀.

Glenn Ballard ló là á sílẹ̀ pé kí wọ́n máa bi àwọn olórí òṣìṣẹ́ fúnra wọn léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kí lẹ lè ṣe, ṣé gbogbo ohun èlò ti pé? Iṣẹ́ tí gbogbo nǹkan rẹ̀ ti pé nìkan ni wọn yóò ṣèlérí. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, wọn yóò ka èyí tó ṣeé ṣe, wọn yóò sì wádìí ohun tó dí ìyókù lọ́wọ́, láìbú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, ì báà ṣe yàrá méjì péré, kò ní pàdánù bó bá pe bíríkìlà, káfíńtà àti oníwáyà jókòó kó tó ra àpò sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́.