Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí: Nítòsí ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mu. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn á lọ sí Mẹ́kà, Kairo tàbí ààfin Alhambra ní Spéìnì. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjàrè tàbí Àkúrẹ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Oǹdó lè má fojú kan èyíkéyìí nínú wọn. Kí ni wọn yóò wá fi hàn án?

Ìdáhùn kò jìnnà. Wàláà tí àwọn ọmọ ilé-kéwú fi ń kọ́ ìwé Lárúbáwá, ọnà ni. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àyà agbádá, òun àti ti babanríga ilẹ̀ Haúsá bá ara wọn tan. Ní Èkó, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ṣì dúró. Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì ló fi Mohammed Shitta tí ó kọ́ ọ jẹ oyè Bey. Àmọ́ João Baptista da Costa, Àgùdà, ló darí iṣẹ́ ilé náà.

Bákan náà ni olóògbé Alhaji Lamidi Fákẹ́yẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún tí ó kú ní 2009. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Nígbà náà, kí ló ń sọ ọnà di ti Mùsùlùmí: ẹ̀sìn ẹni tó ṣe é ni, àbí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí olùkọ́ gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lé e lórí.

Kí ó má sì sá fún ọ̀rọ̀ ère. Hádíìsì sọ̀rọ̀ líle sí yíya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, ìdí nìyí tí ìkọ̀wé àti ọnà oníwérewère fi gba ara mọ́ṣáláṣí. Síbẹ̀, Páṣíà, Tọ́kì àti Íńdíà ya ènìyàn sínú ìwé ìtàn wọn. Kí ó tún fi Kristẹni lọ́kàn balẹ̀ pé ìtàn ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe wàásù.

Ẹ̀yin àgbà tí wàláà àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi dáná. Olùkọ́ ọ̀la ṣì ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀.